Ohun Tó Pa Bàbá Àgbà ní Ìgbájọ

Ẹ̀gbẹ́ Sapele Road,
Benin City.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì, ọdún 2024.

Kíkẹ́lọmọ, ọmọ mi,

Báwo ni òtútù? Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ béèrè òtútù kí n tó béèrè ohunkóhun. Àwa wà níbí, ooru ń bá wa jà, iná kò sì sí láti ìjẹta. Ayọ̀mídé àbúrò rẹ ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Ugbowo lójoojúmọ́. Bí mo bá fi Yorùbá pè é, "Daddy, I dey come" ni yóò fi dá mi lóhùn, kò sì ní wá.

Mo mọ̀ pé fóònù wà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni o máa ń fún mi nínú fóònù. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ̀wé ní báńkì, lẹ́tà ni mo mọ̀ ọ́n kọ. Ìyá rẹ yóò yà á ní fọ́tò, yóò fi ránṣẹ́ sí ọ. Kí ìwọ náà fi lẹ́tà dá mi lóhùn.

Wàá rí i pé ìkọ̀wé mi ti wọ́. Ìka mi ló ń kú, ọwọ́ méjèèjì. Tí mo bá fẹ́ di bọ́tìnnì ẹ̀wù, àfi kí n fi ojú wò ó kí n tó mọ̀ pé mo ti dì í mú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé ife tíì gbígbóná dání, ìyá rẹ ló pariwo. Èmi kò mọ̀ pé ó ń jó mi. Ẹsẹ̀ mi náà ń wú. Níbi tí mo ti ń gba ìtọ́jú, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọdún kẹta nìyí tí mo ti ń lo oògùn rẹ̀.

Ohun kejì: Jíbọ́lá ránṣẹ́ láti Ìgbájọ pé òun fẹ́ ṣe ọgọ́rin ọdún. N kò dá a lóhùn. Ìyá rẹ ní o pè é lórí fóònù, o sì kí i. Ta ló ní kí o kí i? Òótọ́ ni pé bàbá kan náà ló bí wa, ṣùgbọ́n ìyá wa kì í ṣe ọ̀kan. Ó ní ìdí tí n kò fi fẹsẹ̀ tẹ ilé yẹn láti ọdún márùndínláàádọ́ta. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀, fi ìbọ̀sẹ̀ tó máa ń fún ẹsẹ̀ pinpin rán an.

Èmi bàbá rẹ,
Adékọ́lá.


Leeds.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejì.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ooru, ẹ kú àìsíná. Òtútù ti mọ́ mi lára, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá.

Ẹ má bínú nípa fóònù. Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá Ìgbájọ, àwọn ló kọ́kọ́ kí mi, mo sì dá wọn lóhùn. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi rí, n kò lè mọ ohun tí wọn kò sọ fún mi.

Mo ka ibi ọ̀rọ̀ ọwọ́ yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn bó ti rí gan-an. Ṣé ọwọ́ méjèèjì ló bẹ̀rẹ̀ pa pọ̀? Ṣé ẹ ń mí hẹlẹ bí ẹ bá gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì? Ta ni irú rẹ̀ ti ṣe rí nínú ẹbí? Báwo ni Bàbá Àgbà ṣe kú? Kí dókítà sì ya àwòrán ọkàn yín, kó má fi mọ sí wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan.

N kò tíì fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ẹ kọ́kọ́ dáhùn.

Ọmọ yín,
Kíkẹ́lọmọ.


Benin City.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹta.

Kíkẹ́lọmọ,

Mo rí lẹ́tà rẹ. O kí mi dáadáa, lẹ́yìn náà o bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè bí ọlọ́pàá. Ọwọ́ méjèèjì ni. Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń mí hẹlẹ. Àgbà ni mí.

O ní kò sẹ́ni tó sọ fún ọ. Ó dáa, gbọ́.

Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, Àkànní, alágbára ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Ìyá Jíbọ́lá tó jẹ́ ìyáálé ló ń dáná fún gbogbo wa láti ọjọ́ náà. Ní 1976, ọwọ́ bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àdá ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lóko. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ikùn rẹ̀ wú, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, ìjókòó ló ń sùn. Kò tíì pé àádọ́rin ọdún. Ó kú ní 1979. Gbogbo ohun tó jẹ nínú ọdún mẹ́ta náà, ọwọ́ obìnrin yẹn ló ti wá.

Ẹbí ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ síta. Ní ọjọ́ kẹjọ ìsìnkú, níwájú agboolé, mo na ìka sí i. Mo ní, "Ìwọ lo pa á. Inú ọbẹ̀ lo fi í sí." Kò dá mi lóhùn. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò. Jíbọ́lá fẹ́ gbá mi létí, wọ́n dì í mú. Bí kò bá mọwọ́mẹsẹ̀, kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀?

Wọ́n ní kó kó jáde. Ó gba yàrá kan lẹ́yìn ọjà. Mo gbọ́ pé kò sẹ́ni tó ń ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ní ọdún kejì, báńkì gbé mi wá sí Benin, mo sì dúpẹ́. Obìnrin náà kú ní 1988, n kò lọ. Ọmọ rẹ̀ wà láàyè, ọgọ́rin ọdún, ó ṣì ń gun ọ̀kadà lọ sóko. Ọbẹ̀ kan náà ni àti òun àti bàbá mi jọ ń jẹ. Kí ló dé tí kò pa òun?

Nítorí náà má bi mí nípa àìsàn ìdílé. Kò sí àìsàn ìdílé ní ilé wa.

Adékọ́lá.


Leeds.
Ogúnjọ́, oṣù Kẹta.

Bàbá mi,

Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́ fún mi. Mo kà á ní ibi iṣẹ́, mo sì padà sí ìdí iṣẹ́ mi.

Ẹ ti ń bi mí tipẹ́ pé kí ni mò ń ṣe níbí gan-an. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú.

Nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa, ohun kan wà tí à ń pè ní purotéènì. Ẹ má rò pé ti ẹ̀wà àti ẹyin nìkan ni. Àwọn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ inú ara. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń ṣe ọ̀kan, bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń jáde, kò sì wúlò fún nǹkan kan bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ká ara rẹ̀: kó yí níhìn-ín, kó ṣẹ́po lọ́hùn-ún, títí yóò fi ní ìrísí tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi ọwọ́ ká a. Bí yóò ṣe ká wà lára okùn náà fúnra rẹ̀. Àwọn purotéènì kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n dúró ti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, kó má baà lẹ̀ mọ́ òmíràn kó tó ká tán. Èyí tó bá ká òdì, sẹ́ẹ̀lì yóò gbìyànjú láti fọ́ ọ dànù. Ọdún kẹfà nìyí tí mo ti ń wò wọ́n. Nígbà kan, ó máa ń yà mí lẹ́nu.

Èyí tí mò ń rò nípa yín, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tó bá ká tán, kì í dá ṣiṣẹ́. Mẹ́rin ló ń so pọ̀ di ẹyọ kan, tí yóò máa bá ẹ̀jẹ̀ kiri, tí yóò máa ru fítámì A àti nǹkan mìíràn. Nínú àwọn ènìyàn kan, wọ́n sì pọ̀ lára àwa ará Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ègé kan ṣoṣo yàtọ̀ nínú ègé mẹ́tàdínláàádóje tó wà lára okùn náà. Ẹyọ kan péré. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ṣì so pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í dúró bó ṣe yẹ. Wọ́n á tú. Èyí tó tú á ká òdì, á lẹ̀ mọ́ irú ara rẹ̀, wọ́n á di fọ́nrán, fọ́nrán náà á sì máa kó jọ. Ọrùn ọwọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ kó sí, ìka á sì máa kú. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, á kó sínú ẹran ọkàn, ọkàn á le, ẹsẹ̀ á wú, èémí á kúrú. Ó lè gba ọgọ́ta ọdún kó tó fara hàn. Àwọn kan wà tó wà lára wọn tí kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá ni a ti ń jogún rẹ̀.

N kò sọ pé òun ni. Ọ̀rẹ́ mi Ṣọlápé ń bọ̀ ní Benin fún Àjíǹde. Yóò mú ìbọ̀sẹ̀ yín wá, àti ike kékeré kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tutọ́ sínú rẹ̀ dé ibi ìlà, kí ẹ dé e, kí ó mú un padà fún mi. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò ni n ó mú un lọ.

Ọmọ yín,
Kíkẹ́lọmọ.


Benin City.
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹfà.

Kíkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Èmi Morọ́láyọ̀ ìyá rẹ ni mò ń kọ̀wé o. Bàbá rẹ kò lè mú báírò mọ́.

O ti ń retí ìdáhùn láti oṣù Kẹta. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù, torí pé wọ́n máa ń jókòó tì mí. Nígbà tí wọ́n ka lẹ́tà rẹ, wọ́n ní, "Ọmọ mi fẹ́ lọ fi itọ́ mi ṣeré fún òyìnbó." Ṣọlápé wá, ó padà lọ́wọ́ òfo. Orí fíríìjì ni ike náà wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tí mo bá nu eruku orí rẹ̀, wọ́n á máa wò mí.

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Karùn-ún, wọ́n fẹ́ sọdá Sapele Road lọ ra búrẹ́dì, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ láàárín títì. Wọn ò ṣubú o, wọ́n jókòó ni. Mọ́tò ń fọn fèrè lé wọn lórí. Ìsọ̀ mi ní ọjà Ekiosa ni mo wà tí wọ́n fi pè mí. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Dókítà obìnrin kan ya àwòrán ọkàn wọn, ó sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ara ọkàn náà ti nípọn jù, pé ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fún un ní lẹ́tà rẹ, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ma, your daughter get sense. Make we test am."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá rẹ ní kí n lọ mú ike yẹn wá. Ẹnu wọn gbẹ, ó gbà wọ́n ní bíi wákàtí kan kí itọ́ tó dé ibi ìlà. Wọ́n wá bi mí pé, "Morọ́láyọ̀, bí wọ́n bá rí i ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n á mọ ohun tí wọ́n máa tọ́jú nìyẹn."

Wọ́n ní, "Èyí kọ́ ni mò ń bi ọ́." Wọ́n sì kọjú sí ògiri.

Mo mọ ohun tí wọ́n ń bi mí, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ Ìyá Jíbọ́lá ni.

Mo ti fi ike náà rán ọmọ ìjọ wa kan tó ń bọ̀ ní London, yóò fi ránṣẹ́ sí ọ. Ọdún kẹfà nìyí tí o ti rí bàbá rẹ kẹ́yìn. Mi ò bá ọ jà. Mò ń kà á fún ọ ni.

Ìyá rẹ.


Leeds.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹjọ.

Bàbá mi, Màmá mi,

Mo kí yín o. Mo rò pé ó yẹ kí n kọ ọ́ bó ti wà, kí n má dá a lọ́ṣọ̀ọ́.

Èsì ti dé. Ó wà lára yín, Bàbá. Òun náà ló ń ṣe yín. Oògùn kan wà tó ń di mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú kí wọ́n má tú mọ́. Kò lè kó èyí tó ti wà nínú ọkàn jáde, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ìyókù falẹ̀. Mo ti bá dókítà yín sọ̀rọ̀, a jọ ń wá a.

Mo ṣe tèmi náà. Ó wà lára mi. Ẹ má sunkún, Màmá. Kò tíì ṣe mí ní nǹkan kan, ó sì lè má ṣe mí ní nǹkan kan títí. Ọjọ́ tí mo rí i, mo fọ àwọn ike tó wà níwájú mi, mo kọ ohun tó yẹ kí n kọ sínú ìwé iṣẹ́, mo wọ bọ́ọ̀sì. Mo dúró kí ẹkún tàbí ẹ̀rù dé. Títí di òní, kò tíì dé. Ayọ̀mídé ni yóò pinnu bóyá òun fẹ́ mọ̀ tàbí òun kò fẹ́. Ẹ má fi ipá mú un.

Ó ku ọ̀kan. Mo ti kọ ọ́, mo ti pa á rẹ́, ó tó ìgbà mẹ́rin. Bàbá, ẹ sọ fún mi pé ọwọ́ Bàbá Àgbà kú kí ẹsẹ̀ wọn tó wú, pé ìjókòó ni wọ́n ń sùn. Ẹ wo ara yín. N kò rò pé ẹnikẹ́ni fún wọn ní nǹkan kan jẹ.

Ọmọ yín,
Kíkẹ́lọmọ.


Leeds.
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹwàá.

Bàbá mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ti kọjá. Tí mo bá pè, Màmá á ní ẹ sùn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo pè lánàá. Bí ẹ bá ń bínú sí mi, ẹ bínú sínú ìwé.

Kíkẹ́lọmọ.


Benin City.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kọkànlá.

Kíkẹ́lọmọ,

Ìyá rẹ ló ń kọ ọ́, èmi ni mò ń sọ ọ́. Mo ti ní kó má fi ohun tí n kò sọ kún un.

N kò bínú sí ọ. Mo ka lẹ́tà rẹ, mo ká a, mo jẹun. N kò sunkún. Ó dà bíi ti ọwọ́ mi: mo rí i pé iná wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì jó mi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi wà bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ ń sunkún nítorí ìwọ. Èmi, òkú ni mò ń gbé kiri.

Ní Sátidé tó kọjá, mo ní kí Ayọ̀mídé wà wá lọ sí Ìgbájọ. Ó ní, "Daddy, your body no go fit." Mo ní kó gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Iwájú ilé la bá Bọ̀dá Jíbọ́lá, wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

Wọ́n ní, "Má ṣe é. O ò ní lè dìde."

Wọ́n fún wa lómi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bí o ṣe sọ ọ́ fún mi, ti okùn tó ń ká, ti mẹ́rin tí kò dúró pa pọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin.

Wọ́n ní, "Ó wà lára Bàbá?"

"Ọmọ mi gbà pé ó wà lára wọn, Ẹ̀gbọ́n. Ó wà lára mi. Ó wà lára ọmọ mi."

"Lára tèmi ńkọ́?"

"Ó lè má sí níbẹ̀. Ẹlòmíràn á jogún rẹ̀, ẹlòmíràn kò ní jogún rẹ̀."

Wọ́n gba ife omi lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ta lo wá sọ ọ́ fún?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni."

"Èmi kọ́ lo fẹ̀sùn kàn lọ́jọ́ yẹn. Ibo lo dúró sí?"

Mo fi ẹ̀gbẹ́ kànga hàn wọ́n.

Wọ́n ní, "Lọ dúró síbẹ̀."

Wọ́n pe ará ilé jáde. Wọn kò pọ̀ mọ́. Ìyàwó wọn jáde, àti mẹkáníìkì tó háyà yàrá iwájú, àti Ìyá Èyítọ́pẹ́, ìyá arúgbó kan tó jẹ́ ìyàwó tuntun nínú agboolé lọ́dún 1979. Òun nìkan ló kù nínú àwọn tó gbọ́ ohun tí mo sọ nígbà náà, lẹ́yìn Bọ̀dá. Ìyá rẹ di apá mi mú. Mo ní, "Lọ́dún 1979, níbí yìí, mo sọ pé Ìyá Jíbọ́lá ló pa bàbá mi. Wọn kò pa á. Àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ wa ló pa á. Àwọn ló bọ́ mi láti ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo sì purọ́ mọ́ wọn." Èémí mi tán síbẹ̀. Mẹkáníìkì ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá." Kò mọ ohun tí à ń sọ. Ìyá Èyítọ́pẹ́ yí padà, wọ́n wọlé lọ.

Bọ̀dá ní, "Ó ti tó. Wá jókòó."

Nígbà tí mo jókòó, wọ́n sọ ohun kan fún mi. Wọ́n ní nígbà tó ku díẹ̀ kí ìyá wọn kú, ó pe àwọn sí ìdí ààrò, ó ní, "Jíbọ́lá, bá mi wo inú ìkòkò yìí. Wò ó dáadáa. Bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀ tí èmi kò mọ̀." Òun fúnra rẹ̀ ti ń gbà á gbọ́.

Mo dúró kí Bọ̀dá sọ pé wọ́n ti dárí jì mí. Wọn kò sọ ọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ọmọ rẹ tó mọ̀ ọ́n, kó kọ ọ́ sínú ìwé fún ìyá mi. Kó kọ ọ́ ní Yorùbá tí wọ́n á gbọ́. N ó kà á fún wọn níbi tí wọ́n wà."



Kọ ọ́, Kíkẹ́lọmọ. Má gbè sẹ́yìn mi.

Bàbá rẹ.


Leeds.
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kejìlá.

Sí Ìyá Jíbọ́lá, ní Ìgbájọ.

Ẹ̀yin Ìyá wa,

Mo kúnlẹ̀. A kò rí ara wa rí. Èmi ni Kíkẹ́lọmọ, ọmọ Adékọ́lá tí ẹ tọ́.

Wọ́n ní kí n sọ ohun tó pa ọkọ yín. Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó sin wọ́n, nítorí náà n kò ní búra. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi nìyí, mo sì gbà á gbọ́ bí mo ṣe gba iṣẹ́ mi gbọ́. Nínú ẹ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, nǹkan kan wà tí ó yẹ kó ká bó ṣe tọ́, kí mẹ́rin nínú rẹ̀ sì dúró pa pọ̀. Ti ọkọ yín kò dúró. Bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn, kí wọ́n tó mọ̀ yín, kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná fún wọn rárá. Ó ń tú díẹ̀díẹ̀ láti ọdún yìí dé ọdún yẹn, ó ń kó sí ọwọ́ wọn, ó ń kó sí ọkàn wọn, títí ọkàn kò fi lè ṣí mọ́. Kò sí oúnjẹ tó fà á. Kò sí oúnjẹ tí ẹ ìbá sè tí ìbá dá a dúró.

Ó wà lára èmi náà, Ìyá wa, bẹ́ẹ̀ ẹ kò sì bu oúnjẹ fún mi rí.

Mo gbọ́ pé ẹ ní kí wọ́n wo inú ìkòkò yín. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Bàbá mi ní kí n má gbè sẹ́yìn àwọn, n kò sì gbè wọ́n. Ohun tí wọ́n sọ sí yín, wọ́n sọ ọ́, ẹ sì jẹ ìyà rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. N kò mọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń gba irú rẹ̀ padà.

N ó wá sílé ní oṣù Kìíní. Mo ti bẹ Bàbá Ìgbájọ kí wọ́n fi ibi tí ẹ sùn sí hàn mí.

Ọmọ ọmọ yín,
Kíkẹ́lọmọ.